Ògiri Sáríà

Báńkì ní kí n díye lé ilé kan nínú odi Sáríà.
Mo rí amọ̀. Mo kọ ọ́: ògiri, òfo.
Málàmù Tanímù, tó ń rẹ́ ẹnu ọ̀nà, rẹ́rìn-ín:
"Akọ̀wé, gbé ọwọ́ lé e."
Ọ̀sán gangan oṣù kẹta, ìta gbóná bí ààrò;
ògiri tutù bí ìdí àmù.

Ó nawọ́ sí igi àjà. Asárà ni, ó ní,
ikán ń kọjá lára rẹ̀ ni, kì í dúró jẹun.
Lẹ́yìnkùlé, ọmọ onílé ti fi sìmẹ́ǹtì bo amọ̀
kó lè dán lójú olùrà.
Tanímù fi ìka kàn án: kó, kó.
"Òjò ti wọ abẹ́ rẹ̀, kò ríbi jáde.
Ibi tó ń dán yìí ni yóò kọ́kọ́ wó."

Ọdún márùn-ún ní fásitì: mo mọ èlé, mo mọ ìwé ilẹ̀.
Ta ló sọ fún mi pé ògiri ń mí?

Mo fa igi lé "òfo" lórí,
mo bi í léèrè ohun tí wọ́n ń pò mọ́ amọ̀.
Ó wo ẹsẹ̀ mi.
"Kọ́kọ́ bọ́ bàtà."