Àrokò Bẹ́líìtì Méjì

Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ní Oulu,
ní oṣù tí oòrùn ń yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó,
iná pupa tàn lójú ẹ̀rọ mi.
Kì í ṣe ènìyàn ló pè. Ọkọ̀ ni.

Èmi Terhikki, ọdún kẹsàn-án mi rèé lórí àga yìí.
Mo ti gbọ́ igbe, mo ti gbọ́ èpè,
mo ti gbọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń ka nọ́ńbà ilé wọn sí mi létí
bí ẹni ń ka owó olówó.
Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ké.
Ọkọ̀ a máa pàrokò:
ibi tí mo wà rèé, ibi tí mo kọjú sí rèé,
epo ni mò ń mu, n ò jẹ iná,
àpò afẹ́fẹ́ mi ti bẹ́,
bẹ́líìtì méjì ló wà ní dídè.
Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.
Ta ló kọ́ irin níwà báyìí,
tó fi ń jíṣẹ́ kó tó mí?

Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"
Wáípà ni mo gbọ́.
Fìrì, fìrì, ó ń nu gíláàsì tí kò sí mọ́.

Àwọn tí mo rán láti Inari bá ọkùnrin arúgbó kan,
Oula, darandaran àgbọ̀nrín,
ó jókòó sínú yìnyín, orí ẹran náà lórí itan rẹ̀,
ẹ̀jẹ̀ lójú òun fúnra rẹ̀, kò kà á sí.

Ẹnì kan rèé. Ẹnì kejì dà?
Mo tún àrokò kà. Méjì ni.
Mo bi ọkọ̀ léèrè. Ó ní: ọ̀kan.
Oula sì rèé níta!
Wọ́n ní bẹ́líìtì kan ṣì wà ní dídè lórí àga òfìfo.
Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì tú inú yìnyín,
ajá gbóòórùn dé etí odò tó ti dì,
ó bá àpò obìnrin kan níbẹ̀,
ìbọ̀wọ́ pupa nínú rẹ̀.
Ikùn mi di omi.

Ogójì ìṣẹ́jú la fi wá obìnrin náà.
Oula ń mi orí, ó ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́,
torí èdè Sámi ló bọ́ sí i lẹ́nu lórí ìrora,
títí nọ́ọ̀sì Inga-Máret fi dé.
Ọkọ̀ ti sọ tiẹ̀ tán; ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀:

"Ristiinna ti kú láti ìgbà tí ewé ti ń wọ́.
Àpò rẹ̀ ni mo máa ń gbé sórí àga yẹn.
Ọkọ̀ yìí kò jẹ́ n gbádùn,
ó ń ké pé dè é, dè é, dè é.
Èmi náà bá dè é."

Fọ́ọ̀mù ń dúró dè mí: ènìyàn mélòó?
N ò tíì tẹ nǹkan kan.
Mo ní kí wọ́n tú bẹ́líìtì kejì,
kí wọ́n rọra tú u.
Mo bi ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ó ní: òdo.