Amọ̀ Kọ Sìmẹ́ǹtì

Láwàní bíríkìlà ní kí n wó o.
Ó fi bàtà ta ògiri, ó rẹ́rìn-ín,
ó dá iye tó ju owó ìfẹ̀yìntì mi lọ.
Mo ní ó káre, kó máa lọ.

Mo yá àkàbà lọ́wọ́ ladáàni,
mo ra ìṣó olórí-rọ́bà lọ́jà Ìgbàjà,
mo kọjú sí ilé tí bàbá mi mọ.

Sìmẹ́ǹtì tí mo rẹ́ lọ́jọ́ Ajé
wó wálẹ̀ gbì kó tó di Ọjọ́rú.
Mo tún un rẹ́. Ó tún wó.
Níbi tí ògiri lanu sí, aláǹgbá yọrí,
ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta:
bóyá ó ń kí mi ni, bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá Sìráájù kígbe láti ojúde kejì:
“Amọ̀ ni wọ́n fi ń rẹ́ amọ̀, ọmọ yìí!”
Ọmọ. Èmi ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Mo walẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo po amọ̀ mọ́ koríko gígé,
mo fẹsẹ̀ gún un títí orúnkún fi bẹ̀ mí.
Mo ha ọ̀dà búlúù kúrò, mo ha ẹfun abẹ́ rẹ̀,
mo bá ipa ọwọ́ kan lókè fèrèsé:
ìka mẹ́rin péré.
Ayùn ti gé ọmọńdinrín rẹ̀
kí wọ́n tó bí mi.

Mi ò yà á sọ́tọ̀.
Òjò ń ṣú bọ̀ lápá Òkè-Odé.
Mo bu amọ̀ lé e, mo fi márààrún temi tẹ̀ ẹ́.

Ó ku páànù.