Ewé Kan Nínú Bọ́ọ̀sì

Oṣù mẹ́ta ni mo fi jẹ ọ̀dùnkún bíbọ̀ ní Sligo,
ọ̀dùnkún láàárọ̀, ọ̀dùnkún lálẹ́,
iyọ̀ ni ọbẹ̀, bọ́tà ni ẹran.
Ìyá mi á pè mí láti Kẹ́rálà:
"Jismol, kí lo jẹ lónìí?"
Mo ní, "Mo ti yó, Amma."
Irọ́ ni. Ikùn mi kún ni,
èmi fúnra mi kò tíì yó.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi débẹ̀.
Àwọn arúgbó tí mò ń wẹ̀ kò burú;
wọ́n ń pe orúkọ mi jẹ́jẹ́,
bí ẹni tí ohun gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.
Òjò ibẹ̀ kì í rọ̀ kó dá,
winniwinni ni, bí ẹni ń ráhùn lábẹ́lẹ̀.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, mo jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì,
mo tẹjú mọ́lẹ̀, nítorí ó rẹ̀ mí kọjá kí n wòkè.
Ẹ̀gbẹ́ bàtà mi ni mo ti rí i:
ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gùn tó ìka,
tútù ni, wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Mo fi àtàǹpàkò rún un.
Ewé kárí!
Imú mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n,
ojú ló wá sunkún.

Ewé kì í dá rìnrìn àjò.
Igi rẹ̀ kì í hù nínú òtútù báyìí.
Ẹnìkan ló gbé e wọ bọ́ọ̀sì yìí,
ẹnìkan tí yóò jù ú sínú òróró lálẹ́ òní,
tí yóò ta ṣàà,
tí gbogbo ilé yóò sì gbọ́.

Mo di ọdẹ.
Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì kan náà,
mò ń wo àpò olóńjẹ bí aṣọ́bodè.
Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan wọlé,
ewé ń yọrí nínú àpò rọ́bà rẹ̀
bí ọmọ tó ń yọjú lẹ́yìn ìyá.
Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ fún ìdánwò fò lọ.
"Chetta," bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n nílé wa,
"níbo lẹ ti rí i?"
Kò dáhùn. Ó wò mí látòkè délẹ̀.
"Ìwọ ọmọ ibo?"
"Ọmọ Pala."
"Pala! Ẹ̀bá odò, àbí apá òkè?"

Thankachan lorúkọ rẹ̀.
Ó mú mi gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà
lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tó há bíi kọ̀rọ̀.
Aleyamma ìyàwó rẹ̀ wà nídìí owó,
súwẹ́tà ọkùnrin lórí sárì.
Ìbéèrè ló kọ́kọ́ dé, "káàbọ̀" ló tẹ̀lé e:
ṣọ́ọ̀ṣì wo? ọmọ ta?
ìgbà wo lo máa lọ́kọ?
ta ló pa irun rẹ báyìí?
Inú bí mi. Inú mi sì dùn,
nítorí láti oṣù mẹ́ta
ẹnikẹ́ni kò tíì tojú bọ ọ̀ràn mi.

Nínú fìríìsà: ẹ̀gẹ́ bíbó, ó dì gbagidi bí òkúta.
Lórí pẹpẹ: òróró àgbọn
tí òtútù ti sọ di àbẹ́là funfun nínú ìgò.
Mo há ìgò náà mọ́ abíyá lábẹ́ kóòtù;
kí n tó délé, ó ti ń rántí pé omi lòun.

Mo se ẹ̀gẹ́, mo gún un mọ́ àgbọn àti àtalẹ̀ pupa.
Ẹja òkun Sligo ni mo fi se ọbẹ̀,
ẹja tí kò gbọ́ èdè wa rí,
síbẹ̀ kò bá ata jà.
Kò dùn tó ti Amma.
Iyọ̀ pọ̀, àárín ẹ̀gẹ́ ṣì le.
Mo lá ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́.

Fóònù dún. Amma ni.
Ọbẹ̀ kún ọwọ́ mi, n kò lè gbé e.
Ó ń dún, ó ń dún.
Jẹ́ kó dún díẹ̀ sí i.