Ọ̀gànwó Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Àwọn ará ilé ní kí n lọ ra pákó ní Lọ́kọ́jà,
pákó tí ẹ̀rọ ti fá, tó ń dán bí àwo tánganran.
Mo ní rárá. Igi wà lẹ́yìn ilé ìdáná.
Bàbá mi Ìpínlayé ló gbìn ín lọ́dún tí wọ́n bí mi;
ó ti ga jù mí lọ kí n tó mọ orúkọ mi í kọ.

Mẹ́dúbi ti Jákúrá gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wá.
Ọ̀gànwó kò sáré ṣubú. Ó kọ́kọ́ tẹ̀, ó dúró,
bí àgbà tó ń wá ọ̀pá rẹ̀ nínú òkùnkùn.
Lẹ́yìn náà ni Òkè Àgbájà dá ariwo rẹ̀ padà fún wa.
Ìyá mi kò bá wa jáde.
Ó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

A la igi. Pákó pupa bí ẹran tútù.
A tò wọ́n sábẹ́ páànù, a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há wọn láàárín
kí atẹ́gùn lè rọ́nà.
Ọyẹ́ méjì kọjá lórí wọn.
Yàbágí, ará Kàkàǹdá, a máa wá,
á fi èékánná kan pákó, á tẹ́tí sí i, á ní:
“Ọkún o. Omi ṣì wà nínú rẹ̀.
Ẹni tó bá fi igi tútù kan ọkọ̀,
omi odò á wá kí omi inú igi.”

Lọ́jọ́ tí a ń fá pákó kẹta, irin ké lábẹ́ ìfági.
Ìṣó. Ìṣó tí ìyá mi gbá mọ́ igi láti so okùn aṣọ
lọ́dún tí mo wọ ilé-ìwé.
Igi ti gbé e mì, ó ti pa awọ dé lórí rẹ̀,
ó dúdú yí i ká bí ojú tí a lé tìróò sí.
Yàbágí ní kí n sọ pákó náà sí ààrò.
Mo wò ó. Mo wo ìyá mi.
Mo yọ ìṣó, mo fi òwú àti ọ̀dà dí ojú rẹ̀,
mo kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lápá ọ̀tún,
ìka mẹ́ta sísàlẹ̀ ibi tí omi máa dé.

Ó ń jò. Kí n má purọ́.
Igbá kan láti ibí dé òdìkejì Ọya,
igbá kan àti ààbọ̀ bí odò bá kún.
Ìyá mi ló ń gbọ́n ọn.
Ibẹ̀ náà ló máa ń jókòó sí, ẹ̀yìn rẹ̀ lára pákó,
ọwọ́ òsì rẹ̀ á máa wá ojú ìṣó láìwò ó,
bí ẹni tó fẹ́ sá aṣọ.