Ohun Tó Yẹ Ká Wọ̀n

Ìdánwò mẹ́tàdínlógún ni mo kọ sínú ìwé.
Ní yàrá mi ní Tanke, lórí kọ̀ǹpútà tuntun,
mo ní kí ètò náà ka ọ̀kẹ́ márùn-ún orúkọ oògùn;
kí n tó ṣẹ́jú, ó ti kà á tán.
Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Lọ́jọ́ Àlàmísì mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù Mulíkátù ní Adéta,
lẹ́yìn ilé kéwú, níbi táwọn ọmọ ti ń ka wàláà bí ẹni ń jà.
Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ti sin ọ̀gá méjì kó tó bọ́ sí i lọ́wọ́;
fáànù inú rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ
bí arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè Sọbí.
Ó ka ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín.
"Oògùn mi ò pé ẹgbẹ̀rin.
Ta ló ń wá ọ̀kẹ́ márùn-ún?"

Mo jókòó sórí páálí, mo ń wò.

Obìnrin kan wọlé, ara ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná janjan.
Mulíkátù tẹ lẹ́tà méjì.
Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin.
Ọmọ ké, ó dákẹ́, ó tún mú un látìbẹ̀rẹ̀,
kí orúkọ oògùn tó yọjú.
Èyí ò sí nínú mẹ́tàdínlógún mi.

Iná lọ. Iná dé. Iná tún lọ.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà, láàárín ìrun Ayílà sí Alààsárì,
ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ètò mi ń ṣe bí ìyàwó ọ̀ṣìngín
tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lé tìróò ná.
Mulíkátù ti fa bíró yọ,
ó ń kọ ohun tó tà sẹ́yìn páálí.
Mi ò lè bá a wí.

Nírọ̀lẹ́, ìṣirò oṣù gba ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko.
Mo ń bẹ̀bẹ̀; ó ti gbé bútà, ó ń lọ ṣe àlùwàlá.
"Fi í sílẹ̀. Bí mo bá kírun tán, òun náà á ti ṣe tán.
Kí ló ń lé mi?"

Lóru, mo fa igi lé gbogbo rẹ̀ àfi ẹyọ kan:
àtitan iná sí ìgbà tí ọwọ́ lè tẹ lẹ́tà.
Mo fi ti ọmọ ẹlẹ́kún kún un.
Mo lọ ra ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan ní Taiwo,
ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí tábìlì mi báyìí.

Lánàá, lẹ́tà méjì: ení, èjì.
Ó ṣì pọ̀.