Ohun tí Moróunránti Sọ Lókè Ẹ̀fọ̀n

Fọlárìn gun alùpùpù tuntun wọ Arámọ̀kọ,
ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹ̀.
Ẹ́ńjìnnì náà ń mu omi bí ẹṣin,
rédíétọ̀ níwájú ẹ̀ bí àsẹ́ elékọ.
Bó bá fún un níná, á han: wíííí,
bí ayùn tó ń la pákó ìrókò.
Tèmi wà lábẹ́ máńgòrò,
ó dàgbà ju Fọlárìn lọ, atẹ́gùn nìkan ló ń fẹ́ ẹ.
Gbù. Gbù. Gbù.
O lè ka ìró ẹ̀ bí ẹni ń ka ebè.

Mo ní: Ọmọ mi, ẹni tó dá nìkan ń sáré nìyí wà fún.
Ọ̀nà jíjìn kì í ṣe eré ẹsẹ̀.
Ènìyàn méjì, àpótí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́,
usu tí ìyá àgbà dì sẹ́yìn tí a ò lè kọ̀:
ẹ́ńjìnnì tó máa gbé ìyẹn gòkè
ikùn ló yẹ kó ti máa mí, kì í ṣe ọ̀fun.
Ó ní: Bàbá, tiyín ń làágùn, tèmi ń mumi.
N kò rí fèsì.

Ó di ká lọ Ẹ̀fọ̀n.
Moróunránti ìyàwó mi yóò bá mi dé Ìtàwúrẹ́,
yóò wá bọ́ sẹ́yìn Fọlárìn títí dé òkè.
Òun ni adájọ́. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́.

Oṣù Ẹrẹ́nà, òjò kan ò tíì rọ̀.
Ọkọ̀ agbégi kan ń wọ́ níwájú wa bí aboyún,
kò yà, kò sáré, eruku dí wa lójú.
Atẹ́gùn tí ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì mi tán.
Ooru gun itan mi. Mo gbóòórùn ọ́ìlì,
mo ṣe bí ẹni tí imú ẹ̀ dí.
Mo wo dígí: Fọlárìn ń bọ̀ lẹ́yìn,
jẹ́ẹ́, bí omi inú àmù.

Ní Ìtàwúrẹ́ Moróunránti sọ̀ kalẹ̀.
Ojú iná tó tó kọ́bọ̀ kan wà lójúgun ẹ̀.
Kò wí nǹkan kan. Ó gun èkejì.

Òkè Ẹ̀fọ̀n kì í wojú ẹnikẹ́ni.
Fọlárìn já jíà wálẹ̀, ó tún já a,
ẹ́ńjìnnì han títí ọ̀bọ fi sá kúrò lórí àpáta.
Èmi ń bọ̀ lórí jíà kẹta, n kò yí i padà,
mo débẹ̀ nígbà tí wọ́n ti jẹ gúgúrú ẹ̀kúnwọ́ kan tán.

Moróunránti ń gbọn ọwọ́ bí ẹni tó di èsìsì mú.
Ó ní: "Tiyín jó mi lẹ́sẹ̀. Tiẹ̀ mú ọwọ́ mi kú.
Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ohun tó wà láàárín itan yín.
Ṣé ẹ rántí pé ènìyàn wà lẹ́yìn?"

Ògúntúàṣe mẹkáníìkì gbọ́, sípánà lọ́wọ́ ẹ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tuntun yẹn, ó ka sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀.
"Omi kọ́ ló ń kígbe," ó wí. "Eyín ló pọ̀ jù lẹ́nu ẹ̀.
Ẹni tó ń sáré ìje ni wọ́n gé èyí fún."
Ó fi èyí tí eyín mẹ́ta dín lára ẹ̀ rọ́pò.

Bá a ṣe ń padà, Fọlárìn ń kùn lábẹ́nu,
n kò gbọ́ ayùn mọ́.
Inú mi ò dùn tó bó ṣe yẹ.

Lálẹ́ mo dá wà lábẹ́ máńgòrò.
Mo fọwọ́ kan tèmi: ó ṣì gbóná.
Mo bu omi sí korobá, mo gbé e dúró.
Irin gbígbóná, omi tútù, ó máa sán. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Moróunránti yọjú lójú fèrèsé:
"Ẹ gbé omi yẹn wá. Ẹsẹ̀ mi ló nílò ẹ̀."