Ẹ Fo Ẹ̀rín, Ẹ Fo Ẹjọ́

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń fẹsẹ̀ wa máṣíìnì
lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde ní Kàbà lọ sí Ìyárá.
Gìgísẹ̀ sílẹ̀, ọmọ-ìka sókè,
ṣòkòtò ọmọ iléèwé, búláòsì ìyàwó pásítọ̀,
ẹsẹ̀ yìí kò ṣìnà rí.
Nítorí náà, nígbà tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri iléèwé
pé ijó sáásà, ọ̀fẹ́ ni, ní alaalẹ́ Ọjọ́rú,
mo ní, kí ni yóò ṣòro níbẹ̀ fún télọ̀?

Wọ́n ti ti àwọn tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ kan,
eruku ṣọ́ọ̀kì ń fò lábẹ́ gílóòbù,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé.
Olùkọ́ wa, àgùnbánirọ̀ ni, ọmọ Kalaba,
Imaobong lorúkọ rẹ̀.
Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ láàárọ̀;
lálẹ́, ó wá ń kọ́ wa ní ìṣirò tó lu ihò:
ení, èjì, ẹ̀ta,
kí a dúró.
Àrún, ẹ̀fà, èje,
kí a dúró.

Ta ló kówó ka tí iye fò, tí kò bèèrè olè?
Mo ń wá ẹ̀rin kiri bí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú iyanrìn.
Mo tẹ̀ ẹ́ níbi tí kò sí,
ìka ẹsẹ̀ Nọ́ọ̀sì Ìbídùn ló wà níbẹ̀.
"Ẹsẹ̀ òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, Bàbá Télọ̀."
Èmi Olúkọ̀tún! Èmi tí ọ̀tún wà nínú orúkọ mi!
Mo gbá a lọ́wọ́ mú bí ẹni di sísọ́ọ̀sì,
mo fà á síwájú, ó fà mí sẹ́yìn,
ojú mi kò kúrò nílẹ̀.
"Bàbá, kí ló sọnù?"
Báyòdé nìyẹn, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi,
òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kún ojú fèrèsé.
Wọ́n rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín yẹn tẹ̀ lé mi délé,
ó bá mi jẹun, kò fọwọ́.

Ọjọ́rú méjì, n kò lọ.
Mo pe ẹjọ́, mo sì dá a fúnra mi:
orúnkún ló jẹ̀bi, bàtà rọ́bà ló jẹ̀bi,
orin àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn ló jẹ̀bi, wọ́n sáré jù.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n bá òun gé
ṣòkòtò kákí tó gbé òun mì.
Ó ní, "Ọ̀kun o, Bàbá." Ó ti gbọ́ ìyẹn dáadáa.
Ìyókù, ahọ́n rẹ̀ ṣì ń gun òkè níbi tó yẹ kó tẹ́jú:
"Ẹ padà wá. Ẹ fo ẹ̀rín, ẹ fo ẹjọ́. Kò le."
Ẹ̀rin ló fẹ́ pè. Ẹ̀jọ ló fẹ́ pè.
Mo lanu kí n tún un ṣe fún un,
mo pa á dé.

Mo dé igun ṣòkòtò náà.
Mo fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ, mo dáwọ́ ẹsẹ̀ dúró,
mo yí aṣọ po.
Mo wo ẹsẹ̀ mi lórí irin.
Ṣé ibi tí ẹsẹ̀ dúró sí náà ni aṣọ ti ń yí?
Ọdún kọkànlélógún, n kò kà á sí ìgbésẹ̀ rí.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, jẹnẹrétọ̀ kú láàárín orin.
Òkùnkùn gba ilẹ̀ tí mo fẹ́ wò lọ́wọ́ mi.
Ìbídùn ń kà á wúyẹ́wúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ nínú tèmi,
ení, èjì, ẹ̀ta,
a dúró, ó yí.
Báyòdé tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ láti ojú fèrèsé,
kò sọ nǹkan kan.
Inú mi dùn débi pé mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.
"Má bínú," mo ní, "ẹ̀rin nìyẹn."
Ó di ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń mì tìtì.
"Rárá," ó ní, "ẹ̀rín ni."